Péńpé àti Àpótí Aláwọ̀ Eérú

Péńpé ni wọ́n ń pè é, torí pé kò ga. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀! Kò sí ibi tí ọwọ́ yẹn kì í dé.

Ní àárọ̀ Sátidé, Péńpé jí. Ó sáré lọ kí Gbirigbiri.

Gbirigbiri ni ẹ̀rọ kékeré tí mọ́mì Péńpé ṣe. Ó ní ojú kan. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, táyà ni gbogbo wọn.

Orúnkún ń dun Màmá Àgbà. Tí Màmá Àgbà bá juwọ́, Gbirigbiri á rí i. Gbiri-gbiri-gbiri! Á gbé sálúbàtà wá fún wọn.

Mọ́mì ló ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ Gbirigbiri ní iṣẹ́. Ẹsẹ̀ Gbirigbiri ti pẹ́, èdè àtijọ́ ló gbọ́. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èdè tuntun ló gbọ́. Ojú ò gbọ́ tẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ò gbọ́ tojú.

Àpótí mẹ́ta ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Pupa ni ti ojú. Búlúù ni ti ẹsẹ̀. Kékeré kan wà láàárín wọn, aláwọ̀ eérú.

"Mọ́mì, kí lèyí ń ṣe?"

"Alárinà nìyẹn. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ ojú lọ bá ẹsẹ̀, ó sì ń mú èsì bọ̀. Má fọwọ́ kàn án o!"

Mọ́mì lọ wẹ̀.

Péńpé wo pupa. Ó dára! Ó wo búlúù. Ó dára! Ó wo aláwọ̀ eérú.

"Èyí ò dára. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni."

Ó fi ìka fà á. Ó fà á dé inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà. Pọ́ọ̀!

Màmá Àgbà juwọ́. Ojú Gbirigbiri tàn. Ẹsẹ̀ ò mira.

Màmá Àgbà tún juwọ́. Jẹ́ẹ́.

Ni Màmá Àgbà bá di ògiri mú, wọ́n dìde. "Yéè, orúnkún mi o!"

Péńpé fẹ́ sáré lọ mú sálúbàtà. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ò mira. Ojú ti Péńpé.

Mọ́mì jáde wá. "Kí ló ṣe ẹ̀rọ yìí?"

Péńpé rọra sún sẹ́yìn.

Mọ́mì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Kó-kó-kó-kó. Ó ṣí pupa, ó kà á tán. Ó ṣí búlúù, ó kà á tán. Kò wo àárín wọn.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," ni mọ́mì wí. "Mi ò mọ iṣẹ́ yìí ṣe rárá."

Háà! Ojú ti Péńpé gan-an. Etí rẹ̀ gbóná. Ó wù ú kí ilẹ̀ là kó wọ ibẹ̀ lọ.

"Péńpé!" Màmá Àgbà pè é láti yàrá. "Lọ sọ fún mọ́mì ẹ kó bá mi gbé omi gbígbóná wá."

Pàtà-pàtà-pàtà! "Mọ́mì, Màmá Àgbà ní kí ẹ bá àwọn gbé omi gbígbóná wá."

"Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀."

Pàtà-pàtà-pàtà! "Màmá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

Péńpé dúró. Màmá Àgbà ò gbọ́ ohùn mọ́mì. Mọ́mì ò gbọ́ ohùn Màmá Àgbà. Péńpé ló wà láàárín.

"Yéè! Èmi náà, alárinà ni mí!"

Alárinà Gbirigbiri ńkọ́? Inú ìdọ̀tí ló wà. Péńpé bú sẹ́kún.

"Màmá, èmi ni mo ju alárinà nù. Ẹ bá mi sọ fún mọ́mì."

"Pẹ̀lú orúnkún wo? Ìwọ ni alárinà ilé yìí. Lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fúnra ẹ."

Péńpé ò sáré. Pà... tà... pà... tà...

"Mọ́mì, Màmá Àgbà ní kí n wá sọ fún yín pé... pé ọmọ kan ti ju alárinà nù."

"Ọmọ wo?"

Péńpé wo ilẹ̀. "Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mọ́mì wo àárín pupa àti búlúù. Òfìfo!

"Péńpé! Mo ti ń bú ara mi látàárọ̀!"

Péńpé ò lè gbójú sókè.

Mọ́mì ṣí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Àpótí eérú ṣì wà níbẹ̀. "Ọwọ́ tó jù ú síbẹ̀ ni yóò gbé e padà."

Péńpé fà á díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Kán! Ó bọ́ sáàárín.

Màmá Àgbà juwọ́. Ojú tàn. Gbiri-gbiri-gbiri! Sálúbàtà dé!

Ṣùgbọ́n Péńpé ṣì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń jẹ èékánná.

"Péńpé," ni Màmá Àgbà wí, "lọ béèrè lọ́wọ́ mọ́mì ẹ, ṣé ó ṣì ń bínú sí ẹ?"

Péńpé lọ. "Mọ́mì, Màmá Àgbà ní ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

Mọ́mì gbá a mọ́ra. "Lọ sọ fún wọn pé mi ò bínú mọ́."

Pàtà-pàtà-pàtà-pàtà! "Màmá! Wọ́n ní àwọn ò bínú mọ́!"

Péńpé ti jẹ́ iṣẹ́ rí o, àmọ́ kò tíì sí èyí tó dùn mọ́ ọn nínú tó ìyẹn.