Mi Ò Mọ̀ Wọ́n Rí

"Wọ́ọ̀dù ọkùnrin ní àwọn ò gba ìyá yìí. Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù obìnrin náà ń pariwo pé àwọn ò fẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo lọ́dọ̀ mi. Bí obìnrin kan bá lè jókòó tì wọ́n bí ẹbí, màá gbà wọ́n wọlé. Ta ló mọ̀ wọ́n níbí?"

Orí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù kan ní ìlú Multan ni Màmá Gulbano dùbúlẹ̀ sí, tí wọ́n ń mí gúlegúle. Orúkọ ọkùnrin ni bàbá wọn sọ wọ́n, ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n mọ ara wọn sí láti kékeré, ìyẹn ni ilé fi lé wọn jáde. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ẹni bíi tiwọn nílùú wa, àwọn ni wọ́n wá jó, tí wọ́n sì súre nígbà tí ìyá mi bí mi. Àdúgbò fẹ́ràn àdúrà wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ pè wọ́n jókòó jẹun àfi ìyá mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi ni mo bá wọn nílẹ̀ yàrá wọn, tí mo fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé wọn wá.

Bí èmi ọmọbìnrin ṣe fẹ́ dìde jẹ́ ẹ báyìí ni Mehak, ọmọ kíláàsì mi, yọ. Ohun tí Mehak bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo iléèwé á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán.

"Zunaira! Kí lò ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣakọṣabo yìí? Àbí ẹbí yín ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì wò mí. Màmá Gulbano náà wò mí.

"Mi ò mọ̀ wọ́n rí o," ni mo dáhùn. "Mo kàn jókòó síbí ni."

Màmá Gulbano ò bá mi jiyàn. "Ọmọ yẹn ò mọ̀ mí lóòótọ́," ni wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì. "Ẹ má dà á láàmú."

Mo sáré lọ pe ìyá mi, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe fún wọn. Nígbà tí a fi máa padà dé, nọ́ọ̀sì ti fi ìborí wọn bo ojú wọn, lórí bẹ́ǹṣì yẹn náà. Bẹ́ẹ̀dì ṣì ṣófo.

"Ọ̀rọ̀ kan péré, Zunaira!" ìyá mi ń sunkún. "Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ní kí o sọ!"

Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni èmi àti ìyá mi máa ń lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó ni àgbàlagbà bíi Màmá Gulbano, àwa là ń jẹ́ ẹ. Ìyẹn ò jí wọn dìde. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ sẹ́ ẹni tó nílò yín. Mehak ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èmi ò lè gbàgbé.