Àfikún Tó Fẹ́ Gba Ọkọ Lọ́wọ́ Mi

Iná ààrò búrẹ́dì ló yọ́ apá gíláàsì ojú ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì, tó fi mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wọlé lọ́sàn-án gangan, ìyẹ̀fun wà lórí irun rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan di gíláàsì náà mú sójú bí ẹni tí eyín ń dùn.

Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo búrẹ́dì nínú ààrò ni, òun gbàgbé pé ojú òun ò dá wá.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n gé jígí sínú férémù, kí n sì tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Mo ri apá gíláàsì náà sínú omi gbígbóná, mo tọ́ ọ, mo fi í sí i lójú. Ó di dandan kí n wo ojú rẹ̀ dáadáa kí n tó mọ̀ bóyá ó gún. Ó gún. Mo ṣì ń wò ó.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, ó ní ọpẹ́ ni. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ó tún gbé òmíràn wá, kò sì rí ohun tí yóò pè é mọ́. Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń pè mí ní Onígíláàsì, èmi ń pè é ní Bẹ́kà, àfi tí inú rẹ̀ bá dùn gan-an ló máa ń pè mí ní ẹyinjú òun.

Kí n má purọ́ fún yín, òjòwú ni mí. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn kì í jowú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tan ara wọn. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, máa ń sọ pé òjòwú ò lẹ́ran láyà. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n wo tèmi dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é. Mo jowú ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé iṣẹ́ wọn. Mo jowú ìyàwó ilé kan tó máa ń sọ pé búrẹ́dì tí Bẹ́kà bá fọwọ́ ara rẹ̀ pò ni òun fẹ́. Ṣùgbọ́n géèmù ni mo jowú jù.

Òru ni wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, torí náà ọ̀sán ni ó fi ń sinmi, géèmù sì ni ìsinmi rẹ̀. Kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Irú èyí tí èèyàn ti ń di ẹlòmíràn ni. Bẹ́kà mi á di tafàtafà kan tó ń dá nìkan gun òkè, tó ń sọdá odò, tó ń dé abúlé kan sí òmíràn, tí yóò sì yan ohun tó fẹ́ sọ fún ẹni tó bá pàdé. Obìnrin oníwòsàn kan wà níbẹ̀ tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Kò sí ìgbà tí kì í yà kí i. Mo bi í pé kí ló ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní oògùn ni. Mo ní ṣé kò sí oníwòsàn ọkùnrin nílùú náà ni.

Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀ a fẹ́ràn ara wa, ọ̀rọ̀ sì ti dé etí àwọn àgbà. A ti fi í sí pé ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ yóò wá sílé wa ní ọjọ́ Sátidé kan láti wá tọrọ mi. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ilé búrẹ́dì, mo fẹ́ mú férémù tuntun tí mo ṣe fún un lọ fún un. Ó ń fọ páànù, ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó sì kẹ́yìn sí mi. Púlọ́ńbà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ó rẹwà ju ti àkọ́kọ́ lọ," ni mo gbọ́. "Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tuntun kankan mọ́. Rárá o, mi ò ní ju ti àkọ́kọ́ nù. Orí ẹ̀ náà ni màá gbé àfikún yìí lé. Ó tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ó tó ohun téèyàn ń náwó lé. Ṣùgbọ́n má sọ fún Onígíláàsì o. Kò tíì gbọdọ̀ mọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé "ó" tiwa yìí kì í ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ àga. Lọ́jọ́ yẹn, kò jọ àga létí mi rárá. Èmi ni ti àkọ́kọ́ tí wọ́n ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi ẹlòmíràn kún mi kí n tó délé ọkọ.

Mi ò wọlé. Mo gba ọ̀dọ̀ Àǹtí lọ, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú omijé. Àǹtí mi kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀. Lójú mi níbẹ̀ ni wọ́n ti pe ìyá Bẹ́kà, wọ́n ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́, pé àwọn ò bí ọmọ tí wọn yóò fi ṣe orogún fún ẹnì kan.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Bẹ́kà ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tòun ti aṣọ iṣẹ́.

"Ta ni?" mo bi í.

"Ta ni kí ni?"

"Ẹni tó rẹwà ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Ó kọ́kọ́ ń wò mí. Nígbà tó yé e, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì fi àwòrán òkè kan hàn mí, adágún omi wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn tó ṣe géèmù náà ti ṣe apá tuntun fún un, ilẹ̀ tuntun àti ìtàn tuntun, tí èèyàn á rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí á sì gbà á sílẹ̀ sórí èyí tó ti ní. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àfikún. Láìsí géèmù àkọ́kọ́, àfikún ò lè ṣiṣẹ́.

"Púlọ́ńbà ní kò tó ohun à ń rà," ó sọ. "Ó ní ilẹ̀ díẹ̀ àti aṣọ tuntun ni wọ́n fi ń gba tọwọ́ èèyàn. Mo ní ó tó ohun à ń rà, torí pé àyè èèyàn méjì wà níbẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mò ń rìn. Mo fẹ́ fi yà ẹ́ lẹ́nu ni."

Mo ń wá ibi tí màá fojú sí.

"Ìyá mi sunkún lánàá," ó tún sọ. "Wọ́n ní irú ìwà wo ni mo hù, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ. O gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, o ò bi mí. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Owú tó bá ń bi mí ní ìbéèrè, mo lè bá a gbé. Èyí tó ti dájọ́ kó tó béèrè, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

Ó lọ. Mo pè é, kò wẹ̀yìn.

Sátidé dé, ẹnikẹ́ni ò wá. Mo gbálẹ̀ ilé bí ẹni tó ń retí àlejò, mo sì jókòó sí i. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí pé géèmù ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé wọn. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, pé èmi ni mo fi àwọn sọ ọ́ lulẹ̀, kí n lọ wá bí n ó ṣe tún un ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo lọ. Ilẹ̀kùn yàrá Bẹ́kà ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo yọjú, mo sì rí púlọ́ńbà lórí àga kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, páàdì géèmù wà lọ́wọ́ rẹ̀, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n, tafàtafà méjì ń gun òkè tí Bẹ́kà fi hàn mí.

Kò sí owú tí mo ti jẹ rí tó tó ti ọjọ́ yẹn. Ti oníwòsàn aláṣọ ewé, eré ọmọdé ni.

Mo kí wọn. Púlọ́ńbà jẹ́ mi lóhùn láìwẹ̀yìn. Mo bi í pé ṣebí òun ló ní kò tó ohun à ń rà. Ó ní kò tó ohun à ń rà náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti rà á, ṣé kí àwọn jẹ́ kó bàjẹ́ ni.

"Mo ní ìbéèrè kan," mo sọ fún Bẹ́kà.

"Béèrè."

"Àyè ta ni púlọ́ńbà jókòó sí yẹn?"

"Tìẹ ni. O ò wá, mi ò sì lè dá òkè yẹn gùn."

"Mò ń jowú ẹ̀. Mò ń jowú púlọ́ńbà tòun ti irùngbọ̀n ẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí wọn kì í jowú, mi ò sì ní ṣèlérí ohun tí mi ò lè ṣe. Ṣùgbọ́n láti òní, tí mo bá gbọ́ ohun tó dùn mí, ìwọ ni màá kọ́kọ́ bi. Màá lọ bẹ ìyá ẹ fúnra mi, bí wọ́n tiẹ̀ lé mi."

Ojú Bẹ́kà ti kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti dún. Àǹtí mi ni, wọn ò lè dúró dìgbà tí mo bá padà. Ohùn wọn ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa ń gbọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ pe ìyá rẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀, àwọn kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ náà ṣì wúlò. Wọ́n wá béèrè pé ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bẹ́kà wojú mi.

"Ìyàwó mi ni, mà," ó sọ. "Àti púlọ́ńbà kan tó fẹ́ dìde."

Púlọ́ńbà dìde.