Páìpù Tó Yẹ Kó Gbóná

Òkú ọkùnrin kan ni wọ́n bá lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kejì ní ilé-iṣẹ́ mànàmáná, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí èéfín ti lọ tán. Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká fojú rí ohun tí àwọn panápaná rí níbẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì ti yọ́ mọ́ ilẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Àtẹ́lẹwọ́, àgbà òṣìṣẹ́ ibẹ̀, bí ni, abẹ́ òrùlé kan náà sì ni bàbá àtọmọ ti ń ṣiṣẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́pàá ti mú ẹnìkan. Nínú páìpù tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti fa àkísà kan yọ, òwú pupa sì wà létí rẹ̀. Mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ tí í so mọ́ àkísà rẹ̀. Òwú pupa jẹ́ ti ọkùnrin gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Òpó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni òun àti olóògbé fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lórí ipò ọ̀gá kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọn yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó pànìyàn.

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni ẹjọ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Kì í pariwo, kì í sì í kánjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbàdúrà nínú mọ́tò kó tó sọ̀ kalẹ̀, bí ìṣe rẹ̀: "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n fi aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n." Lẹ́yìn náà ló wọ àtìmọ́lé lọ bá Òpó.

"Ìwọ lo ki àkísà bọ inú páìpù?"

"Èmi ni, Mà."

Sájẹ́ǹtì fò sókè. "Ẹ gbọ́! Ó ti jẹ́wọ́!"

"Jókòó, Sájẹ́ǹtì. Òpó, kí ló dé tí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wa là ń ṣe é, Mà. Bí a bá ṣí ìdérí bíárìn, a máa ń fi àkísà dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà sọ̀ kalẹ̀, kí nọ́ọ̀tù má bàa jábọ́ sínú rẹ̀. Òwú yẹn la ń jẹ́ kó yọ síta ká má bàa gbàgbé. Ibi tí mo bá iṣẹ́ dé nìyẹn tí wọ́n fi pè mí pé ìyàwó mi ń rọbí." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Olóògbé fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa lọ. Ó ní, 'Sáré lọ, jàre, èmi á bá ọ dé e. Kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ọmọ náà gùn tó ọ, ibo la ó ti rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rà?' Lẹ́yìn gbogbo ìjà wa yẹn, Mà."

"Ṣé o sọ fún un pé àkísà wà níbẹ̀?"

Òpó doríkodò. "Mi ò rántí bóyá mo sọ. Òwú náà lè ti wọlé tọ àkísà lọ."

"Kí ni ìyàwó rẹ bí?"

"Wọ́n ní obìnrin ni. Mi ò tíì rí i."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ gba ilé-iṣẹ́ mànàmáná lọ. Ó bá obìnrin tó máa ń jókòó síwájú àwọn aago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ní kó ṣàlàyé fún òun bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé.

"Bíárìn ló gbé ọ̀pá irin tó ń yí dúró," obìnrin náà wí. "À ń da ọ́ìlì sí i láti òkè kó má bàa jóná. Ọ́ìlì yẹn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde nísàlẹ̀, kó padà sínú táǹkì. Bí kò bá rọ́nà, á kún, á gba etí bíárìn jáde, á ta sára irin tó ti gbóná janjan. Iná dé nìyẹn."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ń sọ̀ kalẹ̀?"

"Gíláàsì kan wà lára páìpù tí à ń gbà wò ó, àmọ́ ó ti dúdú tipẹ́. Ọwọ́ Bàbá la gbójú lé. Wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù náà. Tó bá gbóná, ọ́ìlì ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá tutù, a ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé. A tiẹ̀ máa ń kì wọ́n: Àtẹ́lẹwọ́, a-fọwọ́-kan-irin-mọ-àìsàn, dókítà tí kì í gún ni lábẹ́rẹ́."

"Ṣé wọ́n lọ wò ó lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ojú mi ló ṣe, lójú fèrèsé yìí. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e dáadáa."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, lọ́wọ́ ìkọ̀wé Bàbá: Ó gbóná. Ó gbóná. Ó gbóná.

Ó ní kí wọ́n tú páìpù náà nísàlẹ̀ ibi tí àkísà ti dí i. Láàárọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá ni wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí táǹkì, ó pọ́n bí oyin. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ki ìka bọ inú páìpù. Ọ́ìlì àtijọ́, dúdú, tó ti ki bí ọ̀dà, nìkan ló lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀kán tuntun kan kò gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyá olóògbé ló ṣílẹ̀kùn fún un nílé wọn. "Ẹ bá mi wá ẹni tó pa á," ló wí, kó tó kí i pàápàá. "Ọmọ mi, a-rìn-jẹ́jẹ́-kí-ìyá-rẹ̀-lè-sùn. Ẹ bá mi wá ẹni náà, mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́." Ó po tíì fún àlejò, ó sì wọ yàrá lọ.

Bàbá jókòó lórí àga gígùn lábẹ́ fọ́tò ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kú àmúmọ́ra, Bàbá. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Òpó ni kí ẹ lọ bi léèrè," Bàbá wí. "Àkísà rẹ̀ ni."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fọwọ́ kan ife onírin tí tíì wà nínú rẹ̀, ó sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ gbé e fún bàbá náà. Bàbá gbà á, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ká a mọ́, ó gbé e lé orúnkún, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ Òpó lọ.

"Bàbá, ife yẹn ò jó yín?"

Bàbá wo ife. Ó sáré gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

"Ọ́ìlì tuntun kò gba inú páìpù yẹn," Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Ó tutù látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ ò débẹ̀ ni, pé ẹ kàn jókòó kọ̀wé. Àmọ́ wọ́n rí yín. Ẹ lọ, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ sì kọ pé ó gbóná. Bàbá wo ló máa mọ̀ pé ó tutù, tí á jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dúró tì í? Ohun kan ló kù: ọwọ́ yín kò mọ ooru mọ́. Láti ìgbà wo, Bàbá?"

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ọdún méjì. Orí ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti kú títí dé ọrùn ọwọ́ báyìí. Dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló fà á."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Ta ni kí n sọ fún? Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń pè mí." Ó yí ojú sí fọ́tò ọmọ rẹ̀. "Páìpù yẹn kò tutù rí láti ọjọ́ tí mo ti ń fọwọ́ kàn án, ni mo bá ń kọ ohun tí mo ti ń kọ tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi ní ká so aago tó ń wọn ooru mọ́ ọn. Mo bínú. Mo bi í pé, 'Ṣé ọwọ́ tó tọ́ ọ dàgbà ni kò tó ọ mọ́?' Kò sọ ọ́ mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo na ọwọ́ sókè sí i pé ó gbóná. Ó rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀."

"Ẹ sì jẹ́ kí Òpó sun àtìmọ́lé."

"Ìyá rẹ̀ ni... mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pe Sájẹ́ǹtì lórí fóònù. "Tú Òpó sílẹ̀. Fi mọ́tò gbé e lọ wo ọmọ rẹ̀." Nígbà tó gbójú sókè, ìyá olóògbé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

Bàbá ti dijú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá náà rìn wá, kò sọ ohunkóhun. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó fún un mọ́ra títí ìka tirẹ̀ fi funfun.

"Ìyá ọmọ mi," Bàbá ké, kò lajú, "ṣé o ti gbọ́? Níbo lo wà? Má fi mí sílẹ̀ báyìí, jọ̀ọ́. Wá dì mí lọ́wọ́ mú."