Iná Ṣàngótẹ̀dó, Ẹja Ìkàtẹ́

Iná tún kú nílé Dókítà Àbọ̀ kó tó jẹun àárọ̀ tán. Iná tó rà lánàá ni o! Nígbà tó fi dé géètì ẹ́sítéètì wọn ní Ṣàngótẹ̀dó, àwọn aládùúgbò ti kún ibẹ̀, oníkálukú ń ro ẹjọ́ mítà tirẹ̀. Wọ́n ń ra odindi iná, ìdajì ló ń wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ti sú gbogbo wọn.

Bàlíkísù ni wọ́n mú. Òun ló ń ta iná lórí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ẹ́sítéètì, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára gbogbo iná tó sọnù. Abiyamọ ni. Wọ́n gba ọmọ ọmú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n wọ́ ìyá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ajah. Ó sùn síbẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Ọdúnjọ jókòó tì í. Ojú bàbá náà ti pọ́n, iṣẹ́ ti tán an lókun.

"Níbo lò ń gbé iná náà lọ?"

"N ò gbé e, sà. Nọ́ńbà ilé, iye iná. Ohun tí mò ń tẹ̀ ò ju méjì yẹn lọ."

"Ta ló tún ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ?"

"Gbogbo èèyàn, sà. Ọ̀gá wa, Ọ̀gá Kàmál, ní ká má máa pa á, pé ó ń fi àsìkò ṣòfò. Tí mo bá lọ kírun, ńṣe ló máa ń wà ní ṣíṣí."

"Kóòtù ni lọ́túnla o."

Omi ọmú ti rin aṣọ àyà rẹ̀ gbindin. Ọdúnjọ gbójú kúrò. Ojú ń tì í, kò sì lè sọ ọ́.

Ó pe Tolúwani, ọmọbìnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Lẹ́kkí, tó sì máa ń bá ọ́fíìsì náà tún tiwọn ṣe. Tolúwani tú ètò tí wọ́n fi ń ta iná wò títí ojú fi ń ro ó.

"Ẹ wò ó, sà. Méjì ni dandan. Nọ́ńbà ilé ló ń ṣíwájú, iye iná á tẹ̀ lé e. Ipò tí wọ́n wà ni ètò fi ń dá wọn mọ̀. Tí ọ̀kan ò bá sí, kò ní ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wà tí kì í ṣe dandan. Tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, ètò ò ní bi yín. Tí ẹ bá tẹ --fun, tí ẹ fi nọ́ńbà mítà mìíràn sí i, ìdajì iná á lọ síbẹ̀. Wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àlàyé tí ètò máa ń ṣe fún ẹni tó ń lò ó. Bàlíkísù lè má mọ̀ pé ó wà."

"'Lè má mọ̀' ò tó fún kóòtù. Ta ló wá mọ̀?"

Tolúwani mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká dákẹ́. Kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Olè nìkan ló máa mọ̀ pé nǹkan ti sọnù."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fàrídátù tó jókòó sí àyè Bàlíkísù ń ta iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dìde lọ kírun ọ̀sán. Kò pẹ́ ni fóònù Tolúwani dún. Ọdúnjọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tolúwani, ètò yìí ti bàjẹ́ o!" Ohùn Kàmál ni. "Tún un ṣe kíá!"

"Ó ń ta iná láti àárọ̀, sà. Kí lẹ tẹ̀ tó kọ̀ fún yín?"

Kàmál gé fóònù.

"Ọjọ́ gbogbo ni ti olè..." Ọdúnjọ ò parí ẹ̀. Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Wọ́n bá àga Kàmál lófìfo. Ó ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe pàṣẹ. Ohun tó tẹ̀ kẹ́yìn ṣì wà lójú rẹ̀: --fun, àti nọ́ńbà mítà kan ní Ìkàtẹ́.

Ilé ìtọ́jú ẹja dídì ni mítà náà wà. Kàmál ń kó páálí ẹja sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá nígbà tí wọ́n dé. Omi ẹja ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ sá, ó yọ̀, ó fìdí jókòó.

"Ta ló ni ẹja?"

"Ẹ dákun, sà."

"Mo ní ta ló ni ín!"

"Èmi ni. Epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n jù, sà. Ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ gbogbo wa. Bàlíkísù ńkọ́?"

"Kò mọ nǹkan kan. Tó bá lọ kírun ni mo máa ń jókòó síbẹ̀."

Ní àgọ́, Dókítà Àbọ̀ àtàwọn ará ẹ́sítéètì ti dé láti bẹ Bàlíkísù. Kàmál náà ń bẹ̀ ẹ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Bàlíkísù gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó tú aṣọ àyà. Ọmọ kọ́kọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sunkún. Nígbà tó wá gbá ọmú mú, Bàlíkísù náà bú sẹ́kún.