Ẹ Má Kàn Sọ Pé Ó Dáa

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tí ìbàdí ń ro, kó wá jókòó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kó bọ́ bàtà, kó na ẹsẹ̀. Ìtàn àwọn tó ti rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kò sì gùn jù. Orin wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì bá mi gbè é. Ṣé ẹ ti gbọ́? Ó yá.

Bá mi wò ó, jọ̀wọ́ bá mi wò ó,
Má wojú mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kí o wò.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Àgbà nọ́ọ̀sì ni, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti gbà á lágbára. Tó bá délé nírọ̀lẹ́, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kó tó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ló jókòó sí lọ́jọ́ kan, tó dijú, nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà wá síwájú rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, bá mi wo nǹkan tí mo kọ yìí."

Nọ́ọ̀sì la ojú kan. "Ó dáa."

"O ò tíì kà á!"

"Mo ti rí i. Ó gùn, ó sì ní àwòrán. Ó dáa."

"Ojú kan ṣoṣo lo fi wò ó."

"Bàbá Ìbejì, ojú kejì ti sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i."

Ọkọ yìí, tírélà ló ń wà títí orúnkún rẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Ìsinmi yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ńṣe ló ń jókòó sójú kan láti àárọ̀ bí àga tí wọ́n gbàgbé sí pálọ̀. Kì í fẹ́ jẹun, kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó rẹ̀, àmọ́ kò mọ ohun tó lè ṣe sí i.

Àfi ìgbà tó rí ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn èèyàn ń para pọ̀ kọ láìgba kọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún un ṣe. Bàbá Ìbejì fún ara rẹ̀ ní orúkọ níbẹ̀: Jíà Kejì. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sì kánjú. Ó kọ nípa táyà, ó kọ nípa bíréèkì, ó kọ nípa ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná sódì. Ara rẹ̀ wá yá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní ilé ìwẹ̀, orin tí kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ.

Èyí tó wá gbé dé iwájú ìyàwó rẹ̀ yìí, ohun tó yẹ kéèyàn ṣe tí iná bá jó o ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ ti ní ó dáa, ó fi han onílé, onílé ní ó dáa. Ó fi han àbúrò rẹ̀, àbúrò ní ó dáa gan-an. Ó fi han Ìyá Oníbúrẹ́dì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wọn, ìyẹn ní, "Bàbá, ẹ ò ṣeé fojú di o!" Gbogbo wọn yìn ín. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kà á.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àjèjì kan kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ewé ìjíròrò, ibi tí wọ́n ti máa ń sọ èrò wọn nípa ohun tí ẹnìkan kọ. Ohun tí onítọ̀hún kọ rèé:

"Ìdọ̀tí lásán ni gbogbo èyí. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kó yéé fi ìlera ọmọlọ́mọ ṣeré. Ẹ jáwọ́ níbẹ̀."

Bàbá Ìbejì kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, kí ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀? Èwo ni ìdọ̀tí?"

Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ sùn lórí àga. "Ẹ yọ èyí tí kò bá dá yín lójú kúrò, kí ẹ jẹ́ ká sinmi."

Ó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ro èyí tí kò dá a lójú. Nǹkan méjì pàtàkì ló kọ síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n da omi tútù sí ojú ibi tí iná jó. Inú rédíò ló ti gbọ́ ìyẹn. Ó tún ní kí wọ́n fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló sọ ìyẹn fún un, nínú yàrá, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀.

Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ta ni mo jẹ́ tí màá fi yọ ọ̀rọ̀ àna mi dànù? Ọ̀rọ̀ rédíò ni kó máa lọ."

Bó ṣe yọ omi kúrò nìyẹn, tó fi ọṣẹ sílẹ̀.

Ó ní kò dáa, kò sọ ibi tí kò ti dáa,
Mo wá tún ibi tó dáa ṣe, ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wọ ilé ìwòsàn. Páànù gbígbóná ló lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Nọ́ọ̀sì wo apá náà, ó funfun báláú.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì! Kí lẹ fi kun apá bí ẹni kun ògiri?"

"Ọṣẹ ìfọyín ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

"Ṣé apá yín ti hu eyín ni?"

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ó ń ta mí!"

"Ẹ ò kọ́kọ́ da omi sí i?"

"Kò sí omi níbi tí mo ti kà á. Ìwé ìmọ̀ orí fóònù ló ní ọṣẹ ni kí n fi kùn ún."

Nọ́ọ̀sì pòṣé. "Ẹni tó kọ irú ìyẹn, ojú rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi ọṣẹ náà kùn."

Ìyá Oníbúrẹ́dì wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọkọ yín mà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí. Ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì ti wò ó, ẹ sì ní ó dáa."

Nọ́ọ̀sì rọra ń fi omi yọ ọṣẹ náà kúrò lójú egbò, Ìyá Oníbúrẹ́dì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó ń ké "yéè, yéè." Egbò náà ò jinlẹ̀, a dúpẹ́.

Ìbínú ló gbé e délé. Ó ti to èébú sẹ́nu, ó kù kó tú u sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní pálọ̀ ni Àǹtí Oníláíbìrì, obìnrin tó ń kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda ní bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ náà. Ó ti rẹ òun náà, ó gbé orí lé ọwọ́. Kọ̀ǹpútà wà ní pípadé lórí tábìlì. Bàbá Ìbejì ti padà sórí àga rẹ̀ àtijọ́, ó ń wo ògiri.

"Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ò kọ mọ́," ni Àǹtí Oníláíbìrì wí.

"Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kejì," ni ọkọ dáhùn. "Ìdọ̀tí ni mo ń kọ."

Nọ́ọ̀sì wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí ojú àga pálọ̀ yẹn. Èébú ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó jókòó, ó sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá Ìbejì fi ọwọ́ bo ojú.

"Ṣé ẹ rí i?" ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

"Ẹ ò ní pa nǹkan kan rẹ́," ni Àǹtí Oníláíbìrì wí. "Àwọn òǹkọ̀wé tí mo ti pàdánù, kì í ṣe owó ló lé wọn lọ, nítorí kò sí owó níbẹ̀. Èébú ló lé àwọn kan lọ. Àwọn yòókù, 'ó dáa, ó dáa' ló pa wọ́n. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ ti kà á rí?"

"Rárá."

"Ẹ kà á sókè báyìí. Tí ẹ bá dé ibi tó dára, ẹ sọ pé ó dára, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá dé ibi tí kò tọ̀nà, ẹ fọwọ́ kan gbólóhùn náà gan-an, kí ẹ sọ èyí tó tọ̀nà, kí ẹ sì sọ ibi tí a ti lè rí i. Ohun tó kọ ni kí ẹ bá wí, ẹ má bá òun wí."

Nọ́ọ̀sì ki ẹsẹ̀ bọ inú omi, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí itan, ó ń kà.

"Ibí yìí dáa, ó yéni yékéyéké. Ọmọdé á lóye rẹ̀... Èyí náà dáa, tẹ́ ẹ ní kí wọ́n bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ọwọ́ tó wú. Èmi pàápàá ì bá gbàgbé ìyẹn." Ó dúró. "Èyí rèé. Gbólóhùn yìí ni kò tọ̀nà. Ọṣẹ ìfọyín ò dára fún ojú iná. Ó lè dá kún egbò, ó sì máa ń dá wa láàmú láti yọ kúrò."

Bàbá Ìbejì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ nìyẹn o."

"Ìyá èmi?"

"Ìyá tìrẹ. Nínú yàrá yìí."

Àǹtí Oníláíbìrì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi abọ́ fi ń dà sílẹ̀.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò," ó ní. "Èmi ni màá lọ bá ìyá mi sọ ọ́. Àmọ́ omi dà? Omi tútù tó ń ṣàn, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, òun ló yẹ kó ṣáájú."

"Mo ti yọ ọ́. Ó ti sọnù."

"Nǹkan kan kì í sọnù níbẹ̀," ni Àǹtí Oníláíbìrì wí. "Gbogbo ohun tí ẹ bá yọ ṣì wà ní ojú ewé ìtàn àtúnṣe, níbi tí wọ́n ń kó èyí àtijọ́ pamọ́ sí. Ẹ tẹ ibí."

Ọ̀rọ̀ omi jáde padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì sọ orúkọ ìwé ìtọ́jú tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ kí ẹni tó bá ṣiyèméjì lè lọ wò ó. Lẹ́yìn náà ó kọ̀wé sí àjèjì yẹn: "Ẹ ṣeun tí ẹ kà á. A ti rí àṣìṣe kan, a ti tún un ṣe. Tó bá tún ku ibòmíràn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi hàn mí." Àjèjì náà ò fèsì títí di òní. Kò ṣe nǹkan kan. Bàbá Ìbejì ti gbé àga rẹ̀ padà sídìí tábìlì.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbọ́ o. Tí ẹni tó ń fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ fún gbogbo wa bá ní kí ẹ bá òun wò ó, ẹ kà á. Tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó ti rẹ̀ yín, kó jẹ́ ọ̀la. Ìyẹn sàn ju "ó dáa" tí ẹ ò kà lọ. Ẹ sọ ohun tó ṣe dáadáa, nítorí tí kò bá mọ̀ ọ́n, òun ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ fọwọ́ kan ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹ mú ẹ̀rí wá. Ẹ má bú u. Tí ẹ bá lè tún un ṣe fúnra yín, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Tí iná bá sì jó yín, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ ìfọyín jókòó ti eyín.

Fọwọ́ kàn án, jọ̀wọ́ fọwọ́ kàn án,
Ibi tó dáa, ibi tó kù, fọwọ́ kàn án fún mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tún ìwé náà ṣe yẹn, Ìyá Oníbúrẹ́dì gòkè wá pẹ̀lú báńdéèjì lápá, búrẹ́dì gbígbóná sì wà lọ́wọ́ kejì. Bàbá Ìbejì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ìyẹn ní kó dìde ńlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti tó. Wọ́n din ẹyin, wọ́n po tíì. Wọ́n jẹun títí àwo fi mọ́. Àǹtí Oníláíbìrì fi ọwọ́ pa ikùn, ó bọ́ sọ́nà ilé rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi imú kọrin. Nọ́ọ̀sì sùn síbi tó jókòó sí, ojú méjèèjì, ikùn rẹ̀ sì kún.