Bàálù Màmá Lórí Téèpù

Kìtìkìtì ti jí. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ nìyẹn, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi.

Tòní tún wá le jù. Màmá rẹ̀ ń bọ̀ wálé!

Kìtìkìtì, kìtìkìtì, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà. Kìtìkìtì, kìtìkìtì, ó sáré padà.

"Màmá Àgbà, ṣé wọ́n ti dé?"

"Kò tíì dé. Aago mẹ́jọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Bàálù màmá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni."

"Ṣé ibẹ̀ jìnnà ni?"

"Ó jìnnà gan-an. Wákàtí mẹ́jọ gbáko ni bàálù máa fò."

Wákàtí mẹ́jọ! Kìtìkìtì tí kì í jókòó jẹun tán!

Télọ̀ ni Màmá Àgbà. Ó tẹ́ téèpù ìwọnṣọ sórí tábìlì. Ó gbé bọ́tìnnì pupa kan sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Bàálù màmá ẹ rèé. Ilé wa rèé, níbi nọ́ńbà kẹjọ. Bí aago bá ti lù, sún un dé nọ́ńbà tó kàn."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Tàkà-tàkà-tàkà.

Aago lù. Kìtìkìtì sún bọ́tìnnì. Aago tún lù. Ó tún sún un.

Kìtìkìtì wo bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì wo Kìtìkìtì.

Sùúrù tán!

Fííìn! Ó ti bọ́tìnnì dé nọ́ńbà kẹjọ. Ó sáré lọ ṣílẹ̀kùn gbayawu.

"Màmá, ẹ káàbọ̀ o!"

Ológbò aládùúgbò nìkan ló wà níta. Kò tilẹ̀ dáhùn.

Kìtìkìtì fẹ́ dá bọ́tìnnì padà. Ṣùgbọ́n níbo ló wà tẹ́lẹ̀? Ẹ̀rù bà á, ó sì bú sẹ́kún.

"Màmá Àgbà! Mo ti sọ bàálù màmá mi nù!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Ìyá mi, bọ́tìnnì lo tì, o ò ti bàálù. Ọwọ́ ẹ ò gùn tó yẹn."

"Ibo ni wọ́n wá wà báyìí?"

"Wo aago, kó o wá a rí."

Kìtìkìtì nu ojú rẹ̀. Aago lu méjìlá. Ó na ìka. "Aago mẹ́jọ ni wọ́n gbéra. Mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá."

Ìka mẹ́rin! Ó gbé bọ́tìnnì lé nọ́ńbà kẹrin.

"Mo ti rí wọn! Wọ́n ti dé ìdajì ọ̀nà!"

"O ò rí i? Ohun tó bá yá kì í pẹ́ mọ́."

Ẹsẹ̀ Kìtìkìtì ò kúkú sinmi. Ó ń jó yí tábìlì ká. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró de aago.

Nọ́ńbà karùn-ún. Nọ́ńbà kẹfà. Nọ́ńbà keje. Nọ́ńbà kẹjọ!

Fóònù dún. Kíríǹ!

"A ti balẹ̀ o! Mo ti ń wọ takisí."

Kìtìkìtì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró, dúró, dúró.

Kó-kó-kó!

Màmá rèé! Kí ó tó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, Kìtìkìtì ti fò mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n wọlé ná."

"Ẹ dúró díẹ̀, Màmá," ni Kìtìkìtì wí. "Ẹ má tíì lọ ibì kankan."

Wọ́n sì dúró síbẹ̀.