Ẹni Tí Ọjà Kò Fún Láwìn

Jàmíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká aṣọ kúrò lórí òwú àti bọ́tìnnì rẹ̀ ni ó rí ọkùnrin kan tó dúró síwájú ìsọ̀. Ó ga, ó pupa díẹ̀, tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì fún owó mọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀. Oòrùn òwúrọ̀ ń yọ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tan ìmọ́lẹ̀ gba etí rẹ̀ méjèèjì kọjá, gbogbo rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Jàmíátù, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Oníbàárà ni oníbàárà ń jẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá olówùú. Òwú dúdú kan ni mo fẹ́."

"Òwú wà, bọ̀dá. Ẹ mówó wá."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Àwìn ni mo fẹ́ rà á."

Jàmíátù wo ojú rẹ̀, ó tún wo ọwọ́ rẹ̀. Etí náírà ń yọ jáde láàárín ìka. "Kí lẹ dì mọ́wọ́ yẹn?"

"Owó ni."

"Ṣé kò tó ra òwú ni?"

"Ó tó. Ó tilẹ̀ máa ṣẹ́kù."

"Ẹ sì ń tọrọ àwìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. N óò san án kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé."

Ẹ wá wo ọ̀ràn! Jàmíátù kò tíì ta ohunkóhun ní òwúrọ̀ náà, kò sì sí oníṣòwò kan ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà tí í fi àwìn ṣí ọjà. Ọmọ tí kò tíì ká eyín rẹ̀ mọ ìyẹn. Jàmíátù na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀. "Láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ fẹ́ fi àwìn ṣí mi lọ́jà! Ta ló rán yín sí mi, bọ̀dá?"

"Rédíò ni," ni ọkùnrin náà wí. Ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn. "Ẹ má bínú. Wọn ò sọ fún mi pé kí n má wá ní kùtù."

Ó yí padà, ó ń lọ, orí rẹ̀ sì kọ lu àtẹ́rígbà ìsọ̀ kejì. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tí Jàmíátù gbé mì jáde pẹ̀lú agbára. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Nígbà tó di ọ̀sán, tí ìyá kan ti ra sípù, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ti ra bọ́tìnnì, Jàmíátù rí tépù náà tó ń bọ̀ láti òkèèrè. "Ẹ máa bọ̀, bọ̀dá rédíò," ló fi kí i. "Mo ti tà. Ẹ wá gba àwìn yín."

Àsíìsì lorúkọ rẹ̀. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ó san owó òwú náà kí ọjọ́ tó pé, níṣojú àwọn aládùúgbò ìsọ̀, ó sì gba bọ́tìnnì láwìn. Ó san ti bọ́tìnnì, ó gba sípù. Kò pẹ́ tí Jàmíátù fi ń dá bọ́tìnnì tó dára jù sí ẹ̀gbẹ́ kan fún un, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìdí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò sé Àsíìsì mọ́ ìsọ̀, Jàmíátù bi í léèrè.

"Bọ̀dá Àsíìsì, kí lẹ fi àwìn ṣe tó bẹ́ẹ̀? Àwọn yòókù ń sá fún gbèsè, ẹ̀yin ń wá a kiri."

Àsíìsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó ń jẹ́ Mùstàfá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà, òun sì ṣe onídùúró fún un. Mùstàfá gba owó, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ kò dúró gbọ́ ti ẹnu òun. Wọ́n pe orúkọ òun nínú ìpàdé pé kí ẹnikẹ́ni má tajà láwìn fún òun mọ́. Òun ránṣọ ọ̀sán, òun ránṣọ òru, òun sì san gbèsè náà tán pátápátá.

"Ó ti tán náà nìyẹn!" ni Jàmíátù wí.

"Kò tán. Gbogbo ọjà ló gbọ́ gbèsè. Ta ló gbọ́ sísan?"

Ibẹ̀ ni rédíò ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1996 tí à ń sọ yìí, ètò kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀rọ̀ Ọjà, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn á kọ̀wé sí wọn, wọn á kà á, àwọn olùgbọ́ á sì fèsì láti ìlú tí wọ́n wà. Wọn kò mọ ojú ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹ̀dùn ọkàn ara wọn ju ọmọ ìyá lọ. Àsíìsì náà kọ̀wé sí wọn. Ẹnì kan fèsì láti Ìgbájọ pé bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò gbowó bá a tún orúkọ ṣe, olè ni. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Òkè-Ìlá, Bernice, tí gbèsè ọkọ tó kú ti ba orúkọ tirẹ̀ jẹ́ rí, ní kí ó máa ra ohun kékeré láwìn, ohun tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì máa san án kí wọ́n tó béèrè. Bí ẹni ń kọ́ ọmọ tuntun ní ìrìn ni, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan.

"Gbogbo ìsọ̀ ló kọ̀ fún mi," ni Àsíìsì wí. "Ìwọ nìkan ni o kò mọ̀ mí."

Òótọ́ ni. Ìgbájọ ni Jàmíátù ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, kò tíì pẹ́ tó padà sílé. Ó gbójú kúrò lára bọ́tìnnì. "Ta ni alága tó pe orúkọ yín?"

"Àlàájì Sàlámì, aláṣọ."

Òjò ń rọ̀ lórí páánù. Jàmíátù kó bọ́tìnnì jọ, ó tún tú u ká. "Bàbá mi ni," ló wí.

Àsíìsì dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. Jàmíátù di tépù ọrùn rẹ̀ mú. "Ibo lẹ ń lọ nínú òjò? Ṣé èmi ni mo pe orúkọ yín ni?"

"Àwẹ̀ró," ni Àsíìsì pè é. Oríkì rẹ̀ ni, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aládùúgbò, kò sì láyà láti pè é rí. "Mo fẹ́ràn rẹ ju kí n sá lọ. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí."

"Èmi náà fẹ́ràn yín. Ẹ jókòó kí ẹ̀rù náà lè jókòó."

Àlàájì Sàlámì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó fẹ́ràn òdodo ni, pàápàá èyí tó bá jáde láti ẹnu òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí Jàmíátù sọ ọ̀rọ̀ Àsíìsì fún un, ó ń ka tẹ̀sùbáà lọ ni, kò gbójú sókè. "Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Ẹni tí ọjà kò fún láwìn, èmi kò lè fún un lọ́mọ."

"Kì í ṣe òun ló yá a, Bàbá. Ó sì ti san án."

"Ta ló gbọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Tẹ̀sùbáà dúró. Bàbá mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti sọ fún un nígbà náà pé kí ó ní sùúrù fún onídùúró, ó sì ti jágbe mọ́ wọn. Bí ó bá wá dìde báyìí láti sọ pé ọmọ náà ti san án, àwọn kan yóò fi imú fẹ́ ẹ̀rín. "Lọ sùn," ló wí.

Inú bí Jàmíátù dé góńgó. Ní Ọjọ́rú, òun àti Àsíìsì gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ìlá, wọ́n wá Bernice kàn. Obìnrin ràbàtà ni, ìyẹ̀fun wà ní irun ojú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹ búrẹ́dì gbígbóná. Ó wo Àsíìsì tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Àṣé ìwọ lo lọ ra àwìn kí wọ́n tó ṣíjà! Ọ̀sẹ̀ tí o kọ ọ́ ránṣẹ́, gbogbo wa rẹ́rìn-ín sunkún."

"Màámi," ni Jàmíátù wí, "mo fẹ́ kí ẹ bá wa gbé e sórí rédíò, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi. Kí gbogbo ayé gbọ́ pé ó gba owó, ó sì dákẹ́."

Bernice nu ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ó ṣeé ṣe. Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, kò ní sí ẹni tí kò gbọ́. Àsíìsì, kí lo wí?"

Àsíìsì gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ó kù kí ó na ọwọ́ mú un. Ó wo Jàmíátù. "Mo mọ bó ṣe rí kí wọ́n pe orúkọ ènìyàn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀," ló wí. "Mi ò ní fi ti bàbá rẹ tún tèmi ṣe, Àwẹ̀ró. Bí ó bá jẹ́ bí mo ṣe máa rí ọ fẹ́ nìyẹn, o ò ní lè fi ojú rere wò mí tó bá yá."

Omi bọ́ lójú Jàmíátù. Ó ti fẹ́ràn ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n níbi ìdáná búrẹ́dì yẹn ló ti mọ̀ pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn láyé.

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Bernice wí. "Lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ fúnra rẹ. Ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́ ni kí o ti tún un ṣe. O ò sì ní dá lọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, Jàmíátù kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo fẹ́ gbé yín sórí rédíò kí wọ́n bú yín. Àsíìsì ló kọ̀. Ẹ dárí jì mí." Bàbá wò ó, ó gbé fìlà rẹ̀ dé, ó jáde.

Gbọ̀ngàn ìpàdé kún. Ní ẹ̀yìn pátápátá, àwọn àlejò kan jókòó tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn olùgbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọjà ni, láti Ire, láti Ìgbájọ, láti Òkè-Ìlá, tí wọn kò fojú kan ara wọn rí. Bernice ń pín búrẹ́dì fún wọn. Àsíìsì dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìpàdé. Mo ṣe onídùúró, ẹni tí mo dúró fún sì sá. Ẹ ò jẹ̀bi. Mo ti san owó ẹgbẹ́. Ìbéèrè ni mo ní: ǹjẹ́ mo ṣì jẹ yín ní gbèsè?"

Gbogbo ojú yí sí alága. Jàmíátù, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, di férémù mú.

Àlàájì Sàlámì dìde. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Kò jẹ gbèsè," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré, ó sì gbé e sókè. "Mo ní kò jẹ gbèsè! Ó ti pẹ́ tó ti san án. Ẹnu mi yìí ló pè é ní ajigbèsè, mo sì yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ọjọ́ náà. Ìgbéraga ni kò jẹ́. Ẹ tajà fún ọmọ náà."

Àwọn ará ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ hó, gbogbo gbọ̀ngàn sì bá wọn hó yèè. Ẹnikẹ́ni kò rántí fi imú fẹ́ ẹ̀rín sí bàbá. Kódà, àwọn tí bàbá ti jágbe mọ́ nígbà náà ló kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó kọjá lára Jàmíátù lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Sọ fún un kí ó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá. Kí ó má sì wá ní kùtù."

Jàmíátù pariwo. Àṣé bàbá ti gbọ́ ìtàn yẹn!

Lẹ́yìn ìkórè iṣu, wọ́n so yìgì ní ìta ilé Àlàájì Sàlámì. Jàmíátù jókòó láàárín àwọn obìnrin, ìbòrí funfun bo orí rẹ̀. Lèmọ́mù béèrè sàdáákì, owó tí ọkọ ń san fún ìyàwó. Àsíìsì na gbogbo rẹ̀ síwájú, ó pé, kò dín kọ́bọ̀.

"Ìyàwó, ṣé o tẹ́wọ́ gbà á?" ni lèmọ́mù bi í.

"Mo gba ìdajì," ni Jàmíátù dáhùn. "Ẹ dá ìyókù padà fún un. Mo fún un láwìn."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Àsíìsì yí ojú sí lèmọ́mù bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè. Lèmọ́mù ní ẹ̀tọ́ obìnrin ni, ẹ̀sìn sì gbà á, bí ó bá ti lè sọ ìgbà tó fẹ́ gbà á.

Jàmíátù rò ó díẹ̀. "Nígbà tí a bá darúgbó tán," ló wí. "Bí ó bá sì tètè san án, n óò bínú."

Àsíìsì wo àna rẹ̀ bóyá yóò gba òun sílẹ̀. Àlàájì Sàlámì ń fi etí agbádá nu ojú. "Jẹ ẹ́, ọmọ mi," ló wí. "Èmi ni onídùúró rẹ."